Oṣù Mélòó Ni Ilé Kan?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi níbí. Ìwé olójú ewé 40 ni, irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń ṣe ìṣirò. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, omi sìmẹ́ǹtì ti ta sí ojú ewé méjì nínú rẹ̀, ó sì ti gan débi pé bí mo bá ń ṣí i, ó máa ń dún. Ọdún 2019 ni mo rà á, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé mi lẹ́yìn Mọníyà, n'Ìbàdàn. Gbogbo ohun tí mo bá rà ni mò ń kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà díẹ̀ sí yín létí.

Oṣù kẹjọ ọdún 2019: sìmẹ́ǹtì àpò 40, ₦2,600 lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹta ọdún 2021: àpò 20, ₦3,600. Oṣù kẹfà ọdún 2023: àpò 15, ₦4,800. Oṣù kejì ọdún 2024: àpò 2, ₦10,500. Lẹ́yìn ìlà yẹn, mi ò kọ nǹkan kan mọ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí iye owó ṣe ń gùn sókè, bẹ́ẹ̀ ni iye àpò ń já wálẹ̀: 40, 20, 15, 2. Àwọn tó ń kọ́lé nígbà yẹn kò ní gbàgbé oṣù kejì ọdún 2024 yẹn. Ariwo pọ̀ débi pé mínísítà fún iṣẹ́ òde, Dave Umahi, pe àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jọ l'Ábújá, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kí àpò kan máa lọ láàárín ₦7,000 sí ₦8,000. Ó rọlẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní 2019, owó oṣù yẹn jẹ́ ₦30,000. Bí òṣìṣẹ́ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ onísìmẹ́ǹtì, yóò gbé àpò 11 bọ̀, ṣéńjì yóò sì kù. Ní oṣù kejì ọdún 2024, òfin kò tíì kúrò lórí ₦30,000 yẹn. Ìjọba àpapọ̀ fi ₦35,000 kún un fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n owó yẹn kò dé ọwọ́ ẹni tó wà níta. Onítọ̀hún kò lè ra àpò mẹ́ta. Nígbà tó di oṣù keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n sọ owó oṣù náà di ₦70,000. Ó lé ní ìlọ́po méjì! Síbẹ̀, bí àpò kan bá jẹ́ ₦8,000, àpò 8 ni yóò rí gbé. Owó oṣù ti ju ìlọ́po méjì lọ, àpò mẹ́ta sì ti sọnù níbẹ̀.

Ọ̀gá bíríkìlà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ jókòó sórí òkìtì yanrìn lọ́jọ́ kan, ó ń mu omi inú ọ̀rá. Ó gbójú sókè wo lítẹ̀ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ilé tí ẹ ní kí n kọ́ yìí, bí ẹ bá parí ẹ̀, agbára mi ò lè gbé yàrá kan nínú ẹ̀." Kò fi ṣe àwàdà, kò sì bínú. Bí ẹni ń ka wákàtí lójú aago ló ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òun náà ló sì jẹ́ kí n gbé ètò yìí kalẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí àwọn ajẹ́ntì máa ń sọ. Wọ́n á ní ilé kì í wálẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tó bá fowó sílẹ̀ lórí ilẹ̀, bí ó bá sùn tó jí, owó rẹ̀ ti bímọ. Mi ò ní kí ẹ má ra ilẹ̀ o, èmi alára rà. Ṣùgbọ́n kí la fi ń wọn ilé yìí tí a fi ń sọ pé ó gòkè?

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò yé ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta gààrí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹnì kan bá fi òkúta lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, àpò gààrí tó máa ń jẹ́ kóńgò 30 lè wá jẹ́ 36. Ẹni tó ń kà á yóò rò pé ọjà òun ti pọ̀ sí i. Gààrí inú àpò kò yí padà. Kóńgò ló ti kéré. Náírà ni kóńgò tí a fi ń wọn ilé ní Nàìjíríà, ìdí kóńgò náà sì ti wọnú gan-an láti ọdún 2023.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé oníyàrá mẹ́ta kan wà n'Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní mílíọ̀nù 30 náírà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Nígbà yẹn, dọ́là kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó jẹ́ nǹkan bí ₦750. Ẹ bá mi pín in: ẹgbẹ̀rún 40 dọ́là. Ní oṣù kẹfà, ìjọba tuntun tú náírà sílẹ̀ pé kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ká ní wọ́n ti ń pe ilé kan náà ní mílíọ̀nù 50. Onílé ń yọ̀, ó ní mílíọ̀nù 20 ti wọlé fún òun láìṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n dọ́là ti tó nǹkan bí ₦1,650. Ẹ tún pín in: ẹgbẹ̀rún 30 dọ́là àti díẹ̀. Lójú dọ́là, ilé yẹn ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin. Lójú ọjà oúnjẹ náà, kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè, torí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, NBS, kéde pé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti wọ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan.

Ẹ wá mú olùkọ́ kan dúró síwájú ilé yẹn. Ká ní ₦100,000 ló ń gbà lóṣù ní 2023. Mílíọ̀nù 30 yẹn jẹ́ owó oṣù 300, ìyẹn ọdún 25, bí kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò san owó iléèwé ọmọ. Ní ìparí 2024, ká ní wọ́n ti fi ₦40,000 kún owó rẹ̀. Ilé náà ti di mílíọ̀nù 50. Owó oṣù 357 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n fi owó kún owó olùkọ́, ilé sì tún fi nǹkan bí ọdún márùn-ún jìnnà sí i.

Ilé kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí. Ó gòkè lójú ẹni tó ń tà á, ó wálẹ̀ lójú ẹni tó ní dọ́là, ó sì ń sá lọ fún ẹni tó ń gba owó oṣù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iye ilé ti gòkè ní Nàìjíríà, ẹ bi í pé, "Oṣù mélòó?" Òṣùwọ̀n yẹn ni mo gbà pé ó tọ́ sí wa, torí iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ra ilé.

Àbúrò mi kan wà ní London. Ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ti tọ́jú ẹgbẹ̀rún 10 pọ́ùn láti fi ra ilé nílé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, bí ó bá ṣẹ́ ẹ, yóò lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, owó kan náà ti tó mílíọ̀nù 20. Kò fi iṣẹ́ wákàtí kan kún iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn fún un, mi ò sì ní gba kí ẹnikẹ́ni dá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, torí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Mọníyà tàbí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ti mọ̀ pé oníbàárà pọ́ùn wà. Kí wá ni olùkọ́ ìṣáájú yẹn fẹ́ sọ tí onílẹ̀ fi máa gbọ́? Ní Ìkòyí àti Victoria Island, àwọn onílé mìíràn tiẹ̀ ti ń pe owó ilé wọn ní dọ́là gan-an, lórí ilẹ̀ tí náírà ti jẹ́ owó ìná.

Ohun kan wà tó ṣòro láti ṣàlàyé fún àwọn ará òkèèrè nípa ilé tiwa. Ní Britain, púpọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní onílé, báńkì ló ṣì ni apá kan ilé náà. Báńkì á yá wọn lówó, wọ́n á máa san án díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 25. Nígbà tí báńkì àgbà wọn, Bank of England, gbé èlé dé ìdá 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn tó fẹ́ ra ilé fà sẹ́yìn, ọjà ilé sì mì. Báńkì àpapọ̀ tiwa gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ǹjẹ́ ẹ rí ilé tó já wálẹ̀ nítorí rẹ̀? Kò lè já wálẹ̀. Àwa kì í fi owó báńkì ra ilé. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ẹ yá mílíọ̀nù 10 ní èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù 3 ni èlé ọdún kan. ₦250,000 lẹ ó máa san lóṣooṣù kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú owó.

Nítorí náà, búlọ́ọ̀kù kan lórí òmíràn là ń fi kọ́lé. Owó àjọ la fi ń da ìpìlẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ló ń yá wa lówó páànù, owó ìfẹ̀yìntì ló ń ra ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ gba inú àdúgbò tuntun èyíkéyìí kọjá, ẹ ó rí ilé tí koríko ti hù nínú pálọ̀ rẹ̀, tí ewé tútù ti bo búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Owó oṣù ẹnì kan ló dúró síbẹ̀ yẹn. Bí ẹni bá sì parí ilé tirẹ̀ láìjẹ báńkì ní kọ́bọ̀, kò sí ohun tó lè lé e débi tí yóò fi tà á ní ọ̀pọ̀. Ó lè tì í pa fún ọdún márùn-ún kó máa dúró de iye tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ilé gọgọrọ ní Lẹ́kìí tí gáàdì nìkan ń gbé, òun àti ìyàwó àti ọmọ ní yàrá ẹnu géètì, nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò yẹn ń jí ní aago mẹ́rin òru láti wọkọ̀ wá láti Mowé àti Ìbàfò.

A ti gbìyànjú láti ní irú báńkì tó ń yáni lówó ilé rí. Láti ọdún 1956 ni Nigerian Building Society ti wà, òun ló di Federal Mortgage Bank ní 1977. Ní 1992, òfin sọ pé kí wọ́n máa yọ ìdá 2.5 nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò kan fún ọ̀rọ̀ ilé, èlé ìdá 6 ni wọ́n sì wá fi ń yá òṣìṣẹ́ lówó níbẹ̀. Ìdá 6! Níbi tí ọjà ti ń gba ìdá 30, ẹ̀bùn ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí wọ́n ń yọ owó wọn lóṣooṣù pé mélòó nínú wọn ló rí i gbà. Báńkì á ní kí o mú ìwé ilẹ̀ rẹ wá, ìwé tí gómìnà fọwọ́ sí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní C of O. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, ìwé yìí ni báńkì mọ̀. Ohun tí èmi àti ọ̀pọ̀ yín sì ní lọ́wọ́ ni rìsíìtì mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ àti ìwé sáfẹ́yọ̀. Ilẹ̀ wa ni, a ń gbé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ fún wa níwájú báńkì.

Àwọn àgbà tó ń gbọ́ mi yóò rántí pé ó ti dára ju báyìí lọ rí. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá iléeṣẹ́ ilé kíkọ́ sílẹ̀, Western Nigeria Housing Corporation, òun ló sì kọ́ Bódìjà n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977 parí, ìbò ni wọ́n fi pín ilé tí wọ́n kọ́ sí Festac Town fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni ti Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983. Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni wọ́n kọ́ láàárín ọdún mẹ́rin péré, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára, tí akọ̀wé kékeré àti olùkọ́ lè rà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, ẹ ó rí àwọn ìyá àgbà tó tọ́ ọmọ márùn-ún nínú fúláàtì kan náà láti 1982, tí ẹnikẹ́ni kò fi ìwé lé wọn jáde rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn ogójì ọdún, a ṣì ń fi orúkọ ọkùnrin yẹn pe ilé olówó pọ́ọ́kú. Kò yẹ kí àpẹẹrẹ wa ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo sì gbọ́dọ̀ dárúkọ Màrókò pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ iye ilé kò pé láìsí i. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó gbé katakata wọ Màrókò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ènìyàn ló sùn síta. Ẹ lọ wo ibẹ̀ báyìí, ẹ wo irú ilé tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta pílọ́ọ̀tì kan. Bí ẹnì kan bá wá ń ṣàlàyé fún yín bí ilẹ̀ agbègbè yẹn ṣe gòkè tó, ẹ rántí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ nígbà tí kò tíì níye lórí. Kò sí ìṣirò tó ń ka tiwọn mọ́ ọn.

Ọ̀nà tuntun náà ń gbé ilẹ̀ ga. Mo rí i ní Mọníyà fúnra mi. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, tí ibùdókọ̀ ńlá rẹ̀ sì wà ní Mọníyà, àwọn ajẹ́ntì tí a kò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà wá. Pílọ́ọ̀tì tó kángun sí tèmi ti di ìlọ́po mẹ́rin iye tí mo ra tèmi. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí èbúté Lẹ́kìí àti ilé ìfọpo Dangote ti dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe àríyá, pé mo ti di olówó. Mo jókòó, mo rò ó. Ta ni mo fẹ́ ta ilé mi fún? Bí mo bá sì tà á, níbo ni màá gbé? Ilé mìíràn tí màá rà náà ti gòkè. Ọmọ mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú fẹ́ kí ilé òun wà nítòsí tèmi. Kò lè rà á. Ohun tí wọ́n ní mo jèrè ló lé ọmọ mi jìnnà sí mi yẹn. Ẹni tó ní ilé kan ṣoṣo tó ń gbé inú rẹ̀, èrè wo ló jẹ?

Èyí ló mú mi dé ibi tó ń dùn mí jù. Mo ti ń sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pé "ká ní, ká ní". Ká ní ilé kan jẹ́ mílíọ̀nù 30, ká ní ó di 50. Ẹ mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀? A kò ní ìwé kan tí ará ìlú lè ṣí lóṣooṣù láti mọ iye tí wọ́n ta ilé gan-an ní Nàìjíríà. NBS ń bá wa ka iye gààrí, iye ìrẹsì, iye kẹrosíìnì, iye owó ọkọ̀, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ti ilé, ẹnu ajẹ́ntì la fi ń gbọ́. Iye tí ajẹ́ntì sì ń pè, ìyẹn kì í ṣe iye tí wọ́n tà á. Nínú ìwé tí wọ́n ń kó lọ síwájú ìjọba pàápàá, àwọn kan máa ń dín iye kù kí owó tí ìjọba máa gbà lórí rẹ̀ lè kéré. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn, 2006 ni. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ìjọba pé ilé tó kù tí a nílò jẹ́ mílíọ̀nù 17, ẹ ó gbọ́ 22 lẹ́nu òmíràn, ẹ ó gbọ́ 28. Mílíọ̀nù 11 ló wà láàárín 17 sí 28, a sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ẹyin inú àwo.

Ní Britain, láti 1952 ni ẹgbẹ́ ayánilówó ilé tí wọ́n ń pè ní Nationwide ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iye ilé. Iléeṣẹ́ ilẹ̀ ti ìjọba wọn ń kéde iye tí wọ́n ta ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún ń fi owó iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣe pẹ̀lú olùkọ́ wa: ní England, ilé kan jẹ́ nǹkan bí owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta àbọ̀ ní 1997, ní 2024, ó ti ju owó iṣẹ́ ọdún méje lọ. Ìyà ilé ń jẹ àwọn náà, àbúrò mi tó wà níbẹ̀ lè jẹ́rìí, torí yàrá kan ló ń háyà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí ìyà náà ṣe tó, wọ́n sì lè gbé e síwájú àwọn tó ń ṣòfin. Àwa ń ké, kò sí iye tí a lè fọwọ́ lé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò nìkan nìyẹn o. Obìnrin kan tó ń rán aṣọ l'Ágége pè mí lẹ́yìn ètò wa kan. Ó ka ìwé tí onílé rẹ̀ fi sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Yàrá kan àti pálọ̀ tó ń san ₦250,000 fún lọ́dún, láti oṣù tó ń bọ̀, ₦600,000. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kó jáde ni?" Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì ń lọ lábẹ́ ohùn rẹ̀, kò tiẹ̀ ráyè dá iṣẹ́ dúró láti sunkún.

Mo sọ fún un, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà, pé òfin ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó wà láti ọdún 2011. Ó kàn án l'Ágége, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island kúrò nínú rẹ̀. Òfin náà sọ pé ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, onílé kò gbọdọ̀ gba ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ayálégbé tuntun. Ó sọ pé bí onílé bá fẹ́ kó jáde, tí wọn kò bá ti ṣàdéhùn ohun mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ni yóò fún un. Ó sì tún sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: bí owó tí onílé fi kún un bá pọ̀ kọjá ààlà, ayálégbé lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí adájọ́ sọ pé kò bójú mu.

Kí ni adájọ́ yóò wò? Òfin dárúkọ rẹ̀. Yóò wo iye tí àwọn mìíràn ń san fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yẹn tàbí níbi tó jọ ọ́, yóò sì gbọ́ ẹ̀rí tí tọ̀tún-tòsì bá mú wá. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ nínú òfin náà, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ẹ̀rí wo ni ìyá aránṣọ yìí máa mú wá? Onílé á mú ajẹ́ntì mẹ́ta wá tí wọ́n á ní ₦600,000 ni gbogbo àdúgbò ń san. Òun ńkọ́? Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kì í sọ iye tí wọ́n ń san fún ara wọn. Rìsíìtì ọdún tó kọjá, wọ́n ti fi dáná.

Nítorí náà, mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ wá gbogbo rìsíìtì owó ilé tó bá wà nínú àpótí yín, nínú Bíbélì, nínú Kùránì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ọdún, orúkọ àdúgbò, iye yàrá, iye tí ẹ san fún owó ilé, àti iye tí ajẹ́ntì gbà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ta ilé tàbí tí ẹ ra ilẹ̀, ẹ kọ iye tí owó náà jẹ́ gan-an nígbà tó bọ́ sọ́wọ́. Ẹ má kọ orúkọ yín, ẹ má kọ ti onílé. Ẹ fi bébà náà fún ẹni tó wà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ rédíò wa, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Tí a bá pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àdúgbò àdúgbò ni màá máa ka iye rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, kí ìyá aránṣọ Agége lè mú bírò kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé olójú ewé 40 yìí ni màá kọ́kọ́ fi sórí tábìlì.